Ilé ọdún méjì létí òkun: ṣé a lè dá ọgbà sórí iyanrìn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Òkè-Ẹlẹ́rin ni ilé wa wà. Iṣẹ́ ló gbé ọkọ mi lọ sí apá Badagry, ọdún méjì ni wọ́n ní kí ó lò níbẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ mẹ́ta sì bá a lọ. Orí iyanrìn ni ilé tí a rí gbà wà, a ń gbọ́ ariwo òkun láti inú yàrá. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbòòrò, mo sì gbin ata àti ewédú tí mo kó irúgbìn wọn láti ilé. Ata náà hù, ṣùgbọ́n etí ewé rẹ̀ ń jó bí ẹni pé iná kàn án. Ewédú yọ, ó pọ́n, kò sì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n yé náwó sórí ilẹ̀ onílẹ̀, nítorí pé a kò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ní iyanrìn kò lè bọ́ ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àbí ohun kan wà tí n kò ṣe bó ti yẹ?

* * *

Ẹ kú àtìrìnàjò, ìyàwó wa. Èmi náà bá ọkọ mi gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí a tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni n ó sọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló wé mọ́ra nínú ìbéèrè yín: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ iyanrìn oníyọ̀. Ti iyanrìn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé ata tó ń jó kò lè dúró de ìgbà tí a bá parí èkejì.

Ní ilé wa níbí, gbogbo omi ńlá tí ojú kò tó òpin rẹ̀ ni a ń pè ní òkun. Níbi tí ẹ wà, òkun yàtọ̀ sí ọ̀sà, ìyàtọ̀ náà sì kan ọgbà yín gan-an. Etí ọ̀sà ni ìlú Badagry fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ dé òkun láti ibẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, kí ó sì fẹsẹ̀ la iyanrìn kọjá. Odò Yewa ń ṣàn wọ inú ọ̀sà náà, nítorí náà bí òjò bá rọ̀ dáadáa, iyọ̀ inú rẹ̀ a máa dín kù púpọ̀. Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú lítà kan omi òkun, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35, ìgbì rẹ̀ sì ń fọ́n omi náà sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìgbì láti inú yàrá, ẹ̀gbẹ́ òkun ni ẹ wà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé yín sì ń gbé iyọ̀ dání.

Ọ̀nà méjì ni iyọ̀ ń gbà dé ara ohun ọ̀gbìn: ojú afẹ́fẹ́ àti inú omi tí a ń bù sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń dààmú yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí èmi ṣe mọ ti tèmi nìyí. Ní oṣù kejì tí a débẹ̀, mo jí bọ́ sẹ́yìnkùlé kí oòrùn tó yọ, mo fi ìka ìlábẹ̀ nu ojú ewé ata kan láti ìdí rẹ̀ dé ṣóńṣó, mo sì fi ìka náà kan ahọ́n. Iyọ̀ ni, kò yàtọ̀ sí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo wá lọ sí àárín ilé ìdáná àti ògiri, níbi tí mo gbin ata méjì sí nínú agbada fífọ́ kan tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Mo nu ewé tibẹ̀ náà, mo tọ́ ọ wò, kò sí iyọ̀ lára rẹ̀, kò sì jó rárá. Omi kànga kan náà ni mo ń bù sí méjèèjì. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kànga kọ́ ló ń pa ata mi.

Tí ó bá jẹ́ pé àwọn tó wà níbi ìbòòji náà ń jó, ẹ lọ tọ́ omi kànga yín wò. Ẹ tọ́ ọ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fà á, kí ẹ sì tún tọ́ ọ nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti pọn tán. Omi òjò tó wọ inú iyanrìn a máa dúró lórí omi oníyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé oníyọ̀ ló wúwo jù. Ẹni tó bá tan pọ́ọ̀ǹpù láti àárọ̀ dalẹ́ yóò fa ti òkè tán, ti ìsàlẹ̀ yóò sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Bí omi ìrọ̀lẹ́ bá ní iyọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, àárọ̀ ni kí ẹ máa pọn ti ọgbà, kí ẹ máa fi garawa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé àgbá sábẹ́ páànù de òjò.

* * *

Ohun tí ọkọ yín sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ, pé iyanrìn kò lè bọ́ ènìyàn. N kò gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé èmi náà sọ ọ́ ní ọdún àkọ́kọ́.

Ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ la mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí òjò bá rọ̀ ní àná, ẹrẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọkọ́ lónìí, omi náà a sì wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lórí iyanrìn etí òkun, kí ẹ tó gbé garawa kalẹ̀, omi tí ẹ dà ti lọ, ó sì ti gbé oúnjẹ tó wà nínú ilẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ewédú yín fi pọ́n: ebi ló ń pa á. Àìdára irúgbìn kọ́.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù ni pé mo gbé oko Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sétí òkun. Mo kọ ebè. Ẹni tó bá dàgbà nílé àgbẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kí ó tó kọ ebè, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ebè wà fún ilẹ̀ tó ń mu omi jù, kí ẹsẹ̀ ohun ọ̀gbìn má baà rà. Ebè iyanrìn a gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, afẹ́fẹ́ a sì gbá orí rẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ebè mi ti tẹ́jú, gbòǹgbò ewédú sì wà níta.

Kòtò ni a ń gbẹ́ níbẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò gbọọrọ tó jìn tó láti orí ìka ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo to èèpo àgbọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú sókè, ẹ̀yìn sísàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá gbé igbá kalẹ̀ láti gba omi. Èèpo náà pọ̀ níbẹ̀ bí èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tó ń tà á, ó sì ń mu omi, ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi òjò, kí ẹ sì da omi náà nù, nítorí pé èyí tí ẹ bá ṣà létí òkun ti mu iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kó ewé gbígbẹ, èérí ilé ìdáná àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà lé e, mo pò ó mọ́ iyanrìn, mo sì fi koríko gbígbẹ bo ojú rẹ̀. Ó lò tó oṣù méjì kí n tó gbin ohunkóhun sí i. Nígbà tí mo tú koríko náà wò, iyanrìn funfun ti di dúdú, ó rọ̀, ó tutù lọ́wọ́, mo sì bá ekòló nínú rẹ̀, ohun tí n kò rí rí láti ìgbà tí a ti débẹ̀. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ ní ọjọ́ náà.

Àwọn kan á ní kí ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i ní tààràtà kí ó lè yá. Ẹ má ṣe é. Ó gbóná, á jó gbòǹgbò, òun pàápàá sì ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀ inú àpò: òjò ńlá kan ṣoṣo yóò fọ èyí tí ẹ dà lónìí kúrò nínú iyanrìn. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, díẹ̀díẹ̀ ni, léraléra, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ní ewé jíjẹrà tí yóò dì í mú.

* * *

Ti afẹ́fẹ́ kò gùn. Ọkọ mi kan páànù mọ́ igi, ó fi ṣe ọgbà gìdìgbà sí ìhà òkun. Àwa méjèèjì rò pé ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó kọlu páànù náà fò ó, ó sì já lé ata lórí láti òkè, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ọdún tó yípo, ìpẹtà ti jẹ ibi tí ìṣó wà. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Ègùn, tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ló wá wò ó. Ó gé imọ̀ àgbọn, ó tò ó sí ìdúró, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àárín méjì nínú wọn kí n lè rí àlàfo tó fi sílẹ̀. Imọ̀ kan, àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù kí ó tó kan ewé, iyọ̀ sì ń kù sára imọ̀. Owó kankan kò bá a lọ.

* * *

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, mo sì rí i pé àwọn tó ti fèsì sí ìbéèrè yín ṣáájú mi pín sí méjì lórí rẹ̀. Apá kan ní ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àtijọ́ ni. Apá kejì ní òótọ́ ni, pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gbin nǹkan kan ju òdòdó inú ìkòkò lọ. Apá méjèèjì ni n kò bá lọ.

Ìyá kò sọ̀rọ̀ òfo. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a bá fún nílẹ̀ dáko lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kì í gbin kókó, obì tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Igi a máa pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ẹni tó gbìn ín lọ, ẹni tó bá sì ní igi lè sọ lọ́la pé òun ló ni ilẹ̀. Ẹjọ́ tó ti ibẹ̀ wá kò kéré. Ohun tí ìyá ń bẹ̀rù nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni ẹ ń gbìn, kì í ṣe igi.

Ẹ wá bá a ka oṣù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni tẹ̀tẹ̀ ti tó í já. Ewédú a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ilá kì í ju oṣù méjì lọ kí ó tó so. Ata tí a lọ́ dáadáa yóò so láàárín oṣù mẹ́ta. Ọdún méjì jẹ́ oṣù mẹ́rìnlélógún. Ẹ ó já tẹ̀tẹ̀ títí yóò fi sú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àdúgbò Under-G, ayálégbé tó ní ẹ̀fọ́ lábẹ́ fèrèsé wà níbẹ̀, wọn kò sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá kọ́lé tiwọn.

Ti àgbọn ló yàtọ̀. Ẹnìkan nínú àwọn tó fèsì ní kí ẹ gbin àgbọn mẹ́wàá fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n àgbọn gíga a máa lò tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so. Àràrá rẹ̀ a máa yá ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ ọdún méjì kò tó o. NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin, ní ẹ̀ka ti àgbọn ní Badagry, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín lóòótọ́ mọ ibi tó ti lè béèrè. Kí onílé kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ni mo ń sọ, kí ó sì wà lórí ìwé.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìwé. Ìbẹ́pẹ méjì péré ni mo gbìn láìsọ fún onílé wa, torí pé n kò ka ìbẹ́pẹ sí igi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ní ọ̀sán tí ó wá gba owó ilé. Ó dúró wò wọ́n, kò jókòó, ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi pé ta ló fún wa láṣẹ, ó sì ní òun yóò gé wọn ní ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wa. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ẹnu méjì ní ọjọ́ tí a san owó ilé ni ì bá ti yanjú rẹ̀.

* * *

Ìyá kan ní kí n sọ ohun tó kan inú ilé náà, pé ọgbà nìkan kọ́ ni ìdílé ń gbé. Òótọ́ ni. Ẹ gbé gàárì àti èlùbọ́ sínú ike tó ní ìdérí líle, nítorí pé wọ́n á fa omi, iyọ̀ á sì di òkúta nínú ìgò. Ẹ máa fi epo pa ìdè ilẹ̀kùn àti àdá. Aṣọ tí ẹ bá sá sí ìhà òkun á gbẹ tán, á sì tún rọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ti àwọn ọmọ ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ọmọ wa mọ odò kékeré tí ẹsẹ̀ ń tó ilẹ̀ rẹ̀. Òkun níbẹ̀ a máa fa ẹsẹ̀ ènìyàn padà sínú nígbà tí ìgbì bá ń sẹ́yìn, àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá lè má bọ́. A ṣe òfin pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ìtàkùn eléwé bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ti tẹ́ bo iyanrìn, àfi tí bàbá wọn bá wà pẹ̀lú wọn. Ìtàkùn yẹn náà, ẹ má fà á tu, òun ló ń di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e wọ inú ọgbà. Ọgbà ló sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òkun. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kòtò tirẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wa, tó ń sunkún lálaalẹ́ pé òun fẹ́ lọ sí ilé ìyá àgbà, kò sunkún mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ yọ. Àárọ̀ ni ó ń jí lọ kà wọ́n. Ní alẹ́ tí a kọ́kọ́ fi ewédú ọgbà wa jẹ àmàlà, èlùbọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ewédú láti iyanrìn, ọkọ mi kò sọ ohunkóhun, ó kàn béèrè pé ṣé ó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun nu ewé, òun sì tọ́ iyọ̀ wò lára rẹ̀. Pé ewé tó kọjú sí òkun ló jó jù. Pé omi kànga àárọ̀ kò ní iyọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ ní díẹ̀. Ó béèrè bóyá kí òun fa ata náà tu.

Ẹ má fà á tu. Ẹ lọ́ ọ nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú iyanrìn ìdí rẹ̀, sínú àpò ìrẹsì tàbí garawa fífọ́ tí ẹ lu nídìí, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀yìn ilé ní ìhà tí òkun kò kọjú sí. Ẹ máa fi omi àárọ̀ wẹ ewé rẹ̀. Èyí tó ti jó kò ní tún tutù mọ́, ọ̀mùnú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni kí ẹ máa wò. Ohun tó wà nínú àpò náà, ẹ ó lè gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kúrò, ìyá ọkọ yín kò sì ní rí wí. Nínú kòtò, tẹ̀tẹ̀ àti àmúnútutù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fara da iyọ̀ ju ata lọ. Ẹ fi àlùbọ́sà sílẹ̀, kò fẹ́ iyọ̀ rárá. Ewédú kí ó dúró títí ilẹ̀ yóò fi dúdú. Bí ẹ bá lè mú gbígbìn bá ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó dára jù, nítorí pé òjò yóò ti fọ iyọ̀ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò tó débẹ̀.

Ó tún béèrè ohun tí àwọn kan gbà á nímọ̀ràn, pé kí ọkọ òun kó iyẹ̀pẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Àwọn kan bínú sí ìmọ̀ràn yìí, pé ìnáwó lásán ni láti gbé iyẹ̀pẹ̀ gba Ìbàdàn àti Èkó kọjá. Fún ọgbà odidi, òótọ́ ni, kò lè tó. Ṣùgbọ́n èmi kó àpò méjì lọ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti ń tu irúgbìn ata kí n tó lọ́ wọn sínú kòtò, ó sì bá mi lò fún ọdún mẹ́ta náà. Bí ọkọ yín bá ń bọ̀ nílé lóṣù yìí, kí ó gbé àpò kan, láti abẹ́ igi níbi tí ewé ti ń jẹrà, kí ó má gbé e láti ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí. Kí ó tó dé, ẹ ti gbẹ́ kòtò, kí èèpo àgbọn sì ti wà nínú omi òjò.